Fílítà alámọ̀, iná UV tàbí RO: èwo ló lè gba ilé yín lọ́wọ́ omi rírà?

Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tí kálukú ń mu lítà méjì lóòjọ́ ń mu lítà 10. Àpò píọ̀ wọ́tà kan nìyẹn: ọ̀rá 20 ló wà nínú àpò, ìdajì lítà sì ni ọ̀rá kan sábà máa ń gbà. Ìgò ńlá orí dísípẹ́ńsà, tó gba lítà 18.9, kò lè pé ọjọ́ méjì. Ẹ ṣírò iye tí ẹ fi ń ra omi fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ni kí ẹ fi wé owó ẹ̀rọ, pẹ̀lú owó àwọn ẹ̀yà tí ẹ óò máa pààrọ̀. Àwọn ẹ̀yà yìí ni ọ̀pọ̀ olùrà kì í béèrè.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àbùkù omi yín

Kò sí fílítà kan tó ń wo gbogbo àìsàn omi. Omi kàǹga ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ifẹ̀, kòkòrò àìfojúrí ló sábà máa ń bà á jẹ́, pàápàá tí ṣọkawé kò bá jìnnà sí i tó mítà 30. Ní Lẹ́kí, Ajah àti etíkun Èkó, iyọ̀ àti irin ló ń yọ ọ̀pọ̀ bóhóòlù lẹ́nu. Omi onírin máa ń mọ́ gaara nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó bá pẹ́ díẹ̀ nínú korobá, á pọ́n.

Ẹ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó náwó. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, ní kí E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, má sí rárá nínú mílílítà 100, kí irin má ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan, kí òjé má ju 0.01, kí náítíréètì má ju 50, kí TDS, ìyẹn àpapọ̀ ohun tó yòrò sínú omi bí iyọ̀, má ju 500.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ti ọ̀pá iná méjì bọ omi yín, tí omi náà wá dúdú lójú yín. Irin ara ọ̀pá yẹn ló ń yòrò sínú omi. Omi RO, ìyẹn omi tí ẹ̀rọ fi agbára tì gba inú awọ tó ń sẹ́ iyọ̀, kì í dúdú torí pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí iyọ̀ nínú rẹ̀ tí iná lè gbà kọjá. Mítà TDS tí wọ́n ń tì bọ omi náà kò lè rí kòkòrò kankan.

Fílítà alámọ̀

Ike méjì, tàbí agolo méjì tí kì í dípẹtà, ló gun ara wọn. Omi òkè ń gba inú ọ̀pá amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kándù kán sí ìsàlẹ̀. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ pọ́ǹpù. Kándù kan kì í sábà sẹ́ ju lítà kan lọ ní wákàtí kan. Fún ẹni márùn-ún, ẹ ra oníkándù méjì. Bakitéríà kì í lè gba ihò amọ̀ yẹn kọjá, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì kéré débi tó lè gbà á. Tí ṣọkawé bá sún mọ́ kàǹga yín, ẹ tún se omi tí ẹ sẹ́ náà: tó bá ti hó kutukutu fún ìṣẹ́jú kan, ó tó.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Bí kíkán rẹ̀ bá ń falẹ̀, ìdọ̀tí ti bo ojú rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, ẹ má fi ọṣẹ kàn án, torí ọṣẹ á wọ inú amọ̀. Bí ó bá ṣàdédé yára, ó ti sán. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ìdí: ibi tí atẹ́gùn bá ti ń tú jáde wọ̀ọ̀ ló ti sán, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ̀kẹta ni rọ́bà ìdí kándù. Bí kò bá jókòó dáadáa, omi àìmọ́ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi dè é. Sípánà lè fọ́ ọrùn amọ̀.

Irin máa ń dí kándù kíákíá. Ẹ da omi láti korobá kan sí òmíràn nígbà bíi mélòó kan, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ rọra bu òkè rẹ̀.

Iná UV

Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tí gílóòbù rẹ̀ ń tàn sínú omi ń pa bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, nítorí náà fílítà máíkírọ́ọ̀nù 5 ní láti ṣíwájú rẹ̀. Gílóòbù rẹ̀ ń lo bíi wákàtí 9,000, ìyẹn bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ó ṣì lè máa tàn láìpa nǹkan kan. Bí NEPA bá mú iná lọ, omi á kàn kọjá lọ bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ kò bá ní inverter, ẹ má rà á.

RO

Òun nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yọ iyọ̀, náítíréètì àti òjé. Ìṣòro ibẹ̀ ni agbára omi. Mítà kan gíga ń fún omi ní bíi 0.1 bar (bar ni ìwọ̀n agbára omi), nítorí náà tàǹkì orí òpó mítà 6 kò fún un ju 0.6 lọ, bẹ́ẹ̀ 3 sí 4 ni RO ń fẹ́. Ẹ ra èyí tó ní pọ́ǹpù tirẹ̀. Lítà méjì sí mẹ́rin ló sì ń dà nù kó tó fún yín ní ẹyọ kan. Ẹ gbe ìyẹn sí korobá, ẹ fi nu ilẹ̀ tàbí ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Kẹ́míkà kilorínì ń jẹ awọ inú rẹ̀, irin sì ń dí i. Awọ tí à ń tọ́jú dáadáa lè lo ọdún méjì sí mẹ́ta. Ibí ni mítà TDS ti wúlò: bí 800 bá wọlé tí 60 jáde, ó dára, bó bá ti ń jáde ní 200, awọ ti lọ.

Jọ́ọ̀gì oníèédú kò sí lára ohun tí a lè fi wé wọn. Ó ń mú òórùn kilorínì kúrò, kì í pa kòkòrò.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí omi kò bá níyọ̀, fílítà alámọ̀ oníkándù méjì ni. RO di dandan nígbà tí TDS bá kọjá 500 tàbí tí àyẹ̀wò bá rí òjé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ilé fílítà rẹ̀ jẹ́ ti íǹṣì 10 tí gbogbo ọjà ń tà. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó tà á nìkan ló ní ìpààrọ̀, iye tó bá wù ú ni yóò máa pè fún yín.