Ọ̀nà Tí Mọ́tò Ò Gbọdọ̀ Gbà: Kẹ̀kẹ́ Gígùn Láti Carhaix Dé Nantes

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé etí la fi ń gùn ún ju ẹsẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́ yà sósì láìtan iná, àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri ń já gba ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí mo ní kí èmi àti ìyàwó mi lọ gun kẹ̀kẹ́ ní Faransé, ibi tí etí mi yóò ti sinmi ni mò ń wá, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà ẹ̀bá odò tó lọ láti Brest dé Nantes, ní agbègbè Bretagne, la mú. Carhaix la ti bọ́ sí i. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ẹni tó bá ń ro àtilọ, tòun ti àléébù rẹ̀.

Àfọwọ́gbẹ́ ni apá kan odò náà, apá yòókù jẹ́ odò tó ti wà níbẹ̀ láyé, bíi Blavet àti Oust, tí wọ́n kàn so pọ̀ mọ́ra. Lásìkò Napoléon, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dí ojú òkun mọ́ Brest, ọkọ̀ Faransé ò ríbi kó ẹrù gbà. Ni wọ́n bá gbìmọ̀ pé àwọn á gba àárín ilẹ̀. Ọdún 1811 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọdún 1842 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Napoléon ti kú, ogun ti tán, ẹni tí wọ́n ń sá fún ti di oníbàárà. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 360 kìlómítà, ìlẹ̀kùn-omi tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ gòkè sọ̀ kalẹ̀ sì lé ní 230. Ẹ̀bá odò níbi tí ẹṣin ti ń fi okùn fa ọkọ̀ nígbà náà ni àwa oníkẹ̀kẹ́ ń gbà báyìí. Wọ́n da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Torí pé omi ló ń tẹ̀ lé, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìwọ̀nba òkè tẹ́ ẹ máa rí ni gegele kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn-omi kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ ojú omi alẹ́ la wọ̀ ní Plymouth, ilẹ̀ sì mọ́ bá wa ní Roscoff. Láti ọdún 1828 ni àwọn ará ìlú yìí ti ń kó àlùbọ́sà sọdá wá tà ní Ìlú Ọba. Nígbà tó yá, wọ́n ń so ó rọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n ń kiri rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ má wulẹ̀ rò pé ibẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ o. Láti Roscoff dé Morlaix, títì kéékèèké tí mọ́tò ń gbà ni, òkè sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ní Morlaix lẹ ó ti bọ́ sórí ojú irin àtijọ́ tí wọ́n ti hú irin rẹ̀ kúrò, nǹkan bí 45 kìlómítà títí dé Carhaix. Ojú ò lè rí i pé ó ń gòkè, ẹsẹ̀ lẹ máa fi mọ̀.

Lẹ́yìn Carhaix, a ò gbúròó ẹ́ńjìnnì mọ́. Taya ń dún ṣàà lórí yanrìn, ẹyẹ ń ké, omi ń já láti ara ìlẹ̀kùn kan sí èkejì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọrùn mi tó ṣíwọ́ àtimáa yí wẹ̀yìn. Lójú ọ̀nà, ìyàwó mi fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹranko kan tó ń wẹ̀ lọ lẹ́bàá koríko: “Bàbá Tómi, ẹ wo ọ̀yà!” Kì í ṣe ọ̀yà, ragondin ni wọ́n ń pè é, Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá nítorí awọ rẹ̀, ó sá, ó bí sí i, ó wá ń gbẹ́ ihò sí etí odò báyìí. Àmọ́ mi ò lè bá obìnrin jiyàn lórí ẹran tó bá ti ń ro ọbẹ̀ sí.

Ibi tí odò ti ga jù wà ní Glomel. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kó wá gbẹ́ ibẹ̀ láàárín ọdún 1823 sí 1832. Kòtò jíjìn ni, igi bò ó lọ́tùn-ún lósì, ó tutù nínú ooru. Mo sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ gan-an, torí ọ̀pọ̀ ń ná owó lásán. Àwọn tó ń polówó ọ̀nà yìí máa ń sọ bí ẹni pé láìsí kẹ̀kẹ́ gravel olówó ńlá, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́, ẹ ò ní lè gùn ún. Irọ́ ni. Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn fi ń lọ síbi iṣẹ́ tó o, bí taya rẹ̀ bá ti fẹ̀ díẹ̀. Tèmi jẹ́ mílímítà 40, mi ò sì fẹ́ kó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Taya tẹ́ẹ́rẹ́ àwọn eléré ìje máa ń rì níbi tí yanrìn bá ti rọ̀. Tí òjò bá rọ̀, ọ̀rọ̀ ń yí padà: yanrìn yẹn á di ẹrẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ṣéènì, á máa ha bíréèkì jẹ. Ẹ mú epo ṣéènì dání, kí ẹ sì nù ún lálaalẹ́. Ohun mìíràn tó bí mi nínú ni àwọn irin tí wọ́n gbé dí ẹnu ọ̀nà níbi tó bá ti pàdé títì, kí mọ́tò má baà wọlé. Ó dára, àmọ́ àpò ẹrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Ní Guerlédan, odò já sí méjì. Ìdídò iná mànàmáná tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ láàárín 1923 sí 1930 sọ àfonífojì náà di adágún, ó sì rì àwọn ìlẹ̀kùn-omi mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2015 tí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ láti yẹ ìdídò wò, àwọn ilé àti ìlẹ̀kùn-omi tó ti rì tún yọjú, èrò sì wọ́ lọ wò wọ́n. Ojú irin àtijọ́ lẹ máa gbà yí ibẹ̀ po. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ yà ní Bon-Repos, ilé àwọn mọ́ńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1184. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù ní gbogbo ọ̀nà náà, ju Josselin tí gbogbo ayé ń pariwo lọ.

Láti Pontivy dé Rohan, ìlẹ̀kùn-omi lé ní àádọ́ta, ọ̀kan ò tíì tán tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀, ilé kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ti di ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí. Wọ́n máa ń retí pé kí ẹ kí wọn o. Ẹni tó bá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan láìkọ́kọ́ sọ pé “bonjour”, ojú tí wọ́n á fi wò ó, ojú tí ìyá àgbà Ọ̀yọ́ á fi wo ọmọ tí kò kúnlẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ omi mímu wá ńkọ́? Abúlé tí ẹ̀rọ omi ò sí níbẹ̀ pọ̀, ibi tí oníkẹ̀kẹ́ ti ń pọnmi ní Faransé sì ni ìtẹ́ òkú, torí pé wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ síbẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó lórí sàréè. Nígbà tí mo wọlé lọ fi ike pọn ọ́n, ìyàwó mi dúró sẹ́nu géètì. “Omi ibojì kẹ̀? Ẹ máa mu tiyín, màá fara da òùngbẹ.” Ó fara dà á títí dé Rohan lóòótọ́. Ẹ kàn rí i pé wọn ò kọ “non potable” sára ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́, kì í ṣe mímu.

Oúnjẹ dùn, àmọ́ ó ní àkókò. Galette ni oúnjẹ wọn níbẹ̀, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dúdú kan dín, wọ́n á fọ́ ẹyin sáàárín, wọ́n á fi wàràkàṣì sí i. Tí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, ilé ìdáná ti tì, ẹ̀bẹ̀ kankan ò ní ṣí i. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì ò ní ṣí rárá. Ọjọ́ Ajé náà ni wàhálà kẹ̀kẹ́ tá a háyà fún ìyàwó mi ṣẹlẹ̀. Rọ́bà bíréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán, irin ń ha irin. Mo pe àwọn tó háyà rẹ̀ fún wa, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n ní ká dúró dọjọ́ Ìṣẹ́gun. Owó tí wọ́n gbà ò kéré. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ yí pẹ́dàlì, ẹ wo taya kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú wọn.

Josselin ní ilé ńlá ìdílé Rohan tó dúró gàgàrà lórí omi, ó yẹ fún fọ́tò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ sí Île aux Pies, níbi tí àpáta ti sún mọ́ odò. Láti Redon lọ sí Blain ni ọ̀nà ti sú mi: títọ́ tàrà, igi, omi, igi, omi. Ẹni tó fẹ́ràn òkè àti ìsọ̀kalẹ̀ á sùn lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn Nort-sur-Erdre, ẹ ó padà sórí títì pẹ̀lú mọ́tò títí ẹ ó fi wọ Nantes.

Ní Nantes, ẹ má ṣe sáré lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ìlú yìí ló kó ẹrú jù lọ ní Faransé, Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, sì wà lára ibi tí ọkọ̀ wọn ti ń gbé ẹrù èèyàn. Lọ́dún 2012, wọ́n ṣí ibi ìrántí kan lẹ́bàá odò Loire. Wọ́n ri gíláàsì kéékèèké mọ́ ilẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àwọn ọkọ̀ náà sí wọn, èyí tó lé ní 1,700 ìrìn àjò. Kẹ̀kẹ́ la fà lọ́wọ́ níbẹ̀, a ò gùn ún.

Oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹsàn-án ló dára láti lọ. Nínú ìrúwé tètè, òjò ṣì ń ba ọ̀nà jẹ́. Nínú oṣù kẹjọ, àwọn ará Faransé fúnra wọn ti wà nísinmi, ibùsùn á wọ́n. Àwọn ilé ìtura tó lẹ àmì Accueil Vélo mọ́ ẹnu ọ̀nà ní ibi ìpamọ́ kẹ̀kẹ́ tó ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ní irinṣẹ́. TGV, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré jù, ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì fún kẹ̀kẹ́ tẹ́ ò tú, ààyè rẹ̀ ò sì pọ̀, torí náà ẹ gba ti kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó gba tara yín. Àwa wọ TER, ọkọ̀ ojú irin agbègbè, lọ sí Rennes, a gba ibẹ̀ dé Saint-Malo, níbi tí ọkọ̀ ojú omi Portsmouth wà.