Ẹ ṣọ́ra: servo tí wọ́n ní àwọn tún ṣe, ọ̀dà lásán ni wọ́n kùn ún

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ bàálù kékeré, tí autopilot (ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ darí ọkọ̀) inú rẹ̀ ti dàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fi servo, ìyẹn mọ́tò kékeré tí autopilot fi ń darí ọkọ̀, lù mí ní jìbìtì. Owó náà dùn mí, àmọ́ ọjà yẹn lè pa èèyàn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́.

Tí mo bá ti tan autopilot mi, ìyẹ́ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, bí ẹni tó ń tòògbé. Mo pe ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara autopilot àtijọ́. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi ní, "Ọ̀gá mi, servo ni. Ẹ má wulẹ̀ wá nǹkan mìíràn kiri." Ó ní òun ní èyí tí wọ́n ti tú palẹ̀ tí wọ́n sì tún ṣe, àmọ́ pàṣípààrọ̀ ni, kí n kọ́kọ́ fi tèmi ránṣẹ́. Mo tú tèmi, mo fi ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Èyí tó dé ń dán gbinrin. Bàbá tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi èékánná ha orí síkúrúù kan. Ọ̀dà tuntun ṣí kúrò, ìpẹtà àtọdúnmọ́dún ló dí ojú síkúrúù náà pa lábẹ́ rẹ̀. "Ìwọ wò ó," wọ́n ní, "ta ló tú èyí?" Wọ́n tún ha àwo nọ́ńbà ara rẹ̀: èyí tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà irú ẹ̀yà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti servo mi.

Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Kílọ́ọ̀ṣì inú servo ló ń jẹ́ kí ọwọ́ awakọ̀ lè borí autopilot tó bá ṣìwà hù, ìwọ̀n tí wọ́n sì fi ń dè é fún ọkọ̀ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Servo méjì lè jọra bí ìbejì, síbẹ̀ kí ìwọ̀n kílọ́ọ̀ṣì wọn yàtọ̀. Tí kílọ́ọ̀ṣì bá le jù, ẹ ó máa bá autopilot wọ ìjàkadì lójú òfuurufú. Tó bá rọ̀ jù, á máa yọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń da ọkọ̀ láàmú.

Páálí aláwọ̀ ìyeyè kan ni wọ́n so mọ́ ọn bí ẹ̀rí pé wọ́n ti tún un ṣe. Kò tó. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀yà ọkọ̀, ìyẹn FAA 8130-3 (ti àjọ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà) tàbí EASA Form 1 (ti Yúróòpù) ni kí ẹ béèrè, kí ẹ rí fọ́tò rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Lórí 8130-3, àpótí 8 ni nọ́ńbà irú ẹ̀yà náà, àpótí 10 ni nọ́ńbà èyí tí ẹ ń rà gan-an. Ẹ fi méjèèjì wé àwo ara rẹ̀. Àpótí 11 ló ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe: "Inspected" túmọ̀ sí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe "Overhauled" (tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n sì tún ṣe) rárá. Nígbà tí mo béèrè ìwé yìí, ọkùnrin náà ní ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, kò gbé fóònù mi mọ́. Servo mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ra òmíràn níbòmíràn, pẹ̀lú ìwé pípé. A dè é, ìyẹ́ ṣì ń fì! Ìgbà yẹn ni Bàbá tan iná ọkọ̀, wọ́n tún pa á, wọ́n gbé etí sún mọ́ turn coordinator, ìyẹn aago tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe ń yà hàn. Gyro inú rẹ̀, ìyẹn àgbá kékeré tó ń yí bírí, ń ha gàràgàrà bó ṣe ń rọra dúró. Irú autopilot bíi S-TEC 50 tèmi, ara turn coordinator ló ti ń mọ̀ pé ọkọ̀ ń yà; tí bẹ́ríìnì gyro bá ti jẹ, ìròyìn tó ń fún un á máa gbọ̀n, servo á sì máa tẹ̀ lé e. Ti KFC 150, tó jẹ́ irú autopilot mìíràn, gyro tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ hàn lẹ ó kọ́kọ́ fura sí. A pààrọ̀ turn coordinator, ìyẹ́ dúró ṣinṣin. Servo mi tí mo fi ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó má ní àrùn kankan.

Ẹni tó mọṣẹ́ á bi yín léèrè kó tó dárúkọ ẹ̀yà. Ṣé orí heading (nígbà tó ń tẹ̀ lé ìhà tí awakọ̀ yàn) náà ló ti ń fì, àbí ìgbà tó bá ń tẹ̀ lé GPS nìkan? Ṣé ẹ ti wọn bí okùn irin ara servo ṣe le tó? Ọkùnrin yẹn kò bi mí ní ohun kan.

Tí ẹ bá ti ra irú servo bẹ́ẹ̀, ẹ má dè é. Tó bá ti wà nínú ọkọ̀, ẹ fa circuit breaker (bọ́tìnì tó ń gé iná) autopilot náà, kí ẹ má sì tàn án títí mẹkáníìkì á fi wọn kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀.