Pálí Tẹ́ẹ́rẹ́ Tí A Fi Ń Dán Omi Kànga Wò: Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ní agbègbè Agbówà àti Ìtòìkín lọ́nà Ẹ̀pẹ́, oko ìrẹsì, oko ẹ̀fọ́ àti ọgbà adìyẹ ti sún mọ́ ilé gbígbé gan-an. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí àwọn oko wọ̀nyí kì í dúró síbẹ̀: apá kan ń ṣàn gba inú àbàtà lọ sínú ọ̀sà, apá kan sì ń rin ilẹ̀ lọ bá omi kànga tí a ń mu. Nítorí èyí ni mo ṣe ra ìgò pálí ìdánwò omi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòròdú, tí mo sì ń lò ó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé. Ní tèmi, ó yẹ kí abúlé tí kànga rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ oko ní in, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé omi ṣeé mu.

Lílò rẹ̀ kò nira. A ó ti orí pálí náà bọ omi, a ó gbọn ọ́n, a ó dúró fún ìṣẹ́jú kan, a ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọn tí ó wà lára ìgò. Ojú kékeré tí ó ń wọn nitrate, ìyẹn èròjà tí ó ń ti ara ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran wọ inú omi, a máa funfun bí nitrate kò bá sí. Bí ó bá wà, yóò máa pọ́n títí yóò fi dà bí omi ìṣápá. Kànga kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkìtì ìgbẹ́ adìyẹ kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò ó kọjá àmì 50. Èyí tí ó wà lẹ́bàá igbó tí ẹnikẹ́ni kò tí ì ṣán kò yí padà rárá.

Míligíráàmù 50 nínú lítà omi kan ni òpin tí àjọ ìlera àgbáyé WHO àti ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà fi sí i. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó léwu fún ìkókó tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má lè gbé atẹ́gùn tó mọ́, ètè àti èékánná rẹ̀ yóò sì máa dúdú. Ìyá kan tí ó ń fi omi kànga yẹn po mílíìkì ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé, “Bàbá, mo máa ń sè é dáadáa kí n tó pò ó.” Ó dùn mí láti sọ fún un pé sísè kì í lé nitrate, bí omi ṣe ń fà, ńṣe ni nitrate inú rẹ̀ ń ki sí i.

Ẹ fara balẹ̀ ka ara ìgò. Àwọn kan ń wọn odindi nitrate, tí òpin rẹ̀ jẹ́ 50. Àwọn mìíràn, pàápàá ti Amẹ́ríkà, ń wọn nitrogen, èròjà kan lára nitrate, nìkan, tí òpin tiwọn jẹ́ 10. Ẹni tí ó bá rí 20 lára irú kejì yìí, tí ó sì rò pé kò tí ì dé ìdajì òpin, ti ṣì í kà pátápátá, nítorí 20 náà lé ní 88 bí a bá sọ ọ́ di odindi nitrate.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni ọ̀rọ̀ olùtajà: “Ẹ̀gbọ́n, omi tí kò bá ti pọ́n, mímu ni.” Irọ́ ni. Pálí yìí kò lè rí kòkòrò E. coli láti inú ìgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí oògùn apakoríko, títí kan paraquat tí NAFDAC fòfin dè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Fún ìwọ̀nyí, àfi ilé àyẹ̀wò. Nínú omi àbàtà tí ó pọ́n láti ilẹ̀ wá, àwọ̀ pálí náà kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Síbẹ̀, ó wúlò fún wa. Alhaji tí ó ni adìyẹ fojú ara rẹ̀ rí bí pálí náà ṣe pọ́n, kò sì bá wa jiyàn mọ́. Ó kó òkìtì náà kúrò lókè kànga, ó fi tapólì bò ó, ó sì gbà láti má ṣe fọ́n ọn sóko nígbà tí òjò bá ṣú.

Ìgò ńlá nìkan ni wọ́n ń tà, ọ̀rinrin ọ̀sà sì tètè ń ba pálí jẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i, nítorí náà kí ilé mélòó kan dáwó rà á, kí wọ́n dé ìdérí rẹ̀ pinpin, kí wọ́n sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí wọ́n tó sanwó.