Pijó 504 oníwọ̀n 1:18: ẹ ṣí páálí kí ẹ tó sanwó

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì ló mú mi jókòó kọ èyí. Ó yọ síta lára bọ́dì débi pé tí mo bá fi èékánná wọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, èékánná á há síbẹ̀. Iṣẹ́ páńẹ́lì-bítà ni mo fi tọ́ ọmọ nílùú Ìbàdàn. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní 1975 ló ti gba ojú títì wa kan, òun náà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo fi òòlù kàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ojú àgbà ló ń ṣe mí.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì Pijó 504 oníwọ̀n 1:18 ni mò ń sọ, ìyẹn mọ́tò kékeré tí wọ́n ṣe bíi ti gidi, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú méjìdínlógún ti gidi: funfun, onírin, ilẹ̀kùn ń ṣí, bọ́nẹ́ẹ̀tì ń ṣí, búùtù ń ṣí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó wọn jọ mọ ìyókù. Mo ti ní ọ̀kan nílé tí mi ò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀. Ìlà ilẹ̀kùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó dọ́gba láti òkè délẹ̀. Iná iwájú ń dán, kò sí gọ́ọ̀mù tó tú jáde. Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tẹlẹ̀. Inú mi dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ra ìkejì, nọ́ńbà kan náà lára páálí, kí n fi ta ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ kan lọ́rẹ, tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ẹ rò ó wò: páńẹ́lì-bítà ni mo fẹ́ fún ní mọ́tò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò bá bọ́dì dọ́gba!

Kì í ṣe ilẹ̀kùn nìkan. Ọ̀dà kún ìlà búùtù, ó dì síbẹ̀ bí ẹ̀kọ tó tutù. Nọ́ńbà 504 tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn wọ́ sí ọ̀tún. Táyà iwájú kan ò kan ilẹ̀. Mo ti bébà sábẹ́ rẹ̀, bébà kọjá láìfara kan nǹkan. Ẹlòmíì á ní nǹkan kékeré ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ní 1:18, àlàfo mílímítà kan jẹ́ mílímítà 18 lára mọ́tò gidi. Àtàǹpàkò mi á wọ ibẹ̀. Ká ní mo gbé irú ilẹ̀kùn yẹn fún oníbàárà nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, kò ní í dé òpin àdúgbò kó tó dá mọ́tò padà.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ní Èkó. Ọmọkùnrin kan ló gbé e. Ó kí mi dáadáa, mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Mo sọ tẹnu mi tán, ó ní, “Daddy, ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń rí.” Mo ní ṣé ó ti yẹ àwọn tó kù wò? Ó ní rárá o, àwọn kì í ṣí páálí, tí àwọn bá ti ṣí i, iye rẹ̀ á wálẹ̀. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, tí o ò bá ṣí wọn, báwo lo ṣe mọ̀ pé bákan náà ni gbogbo wọn rí?” Ó dákẹ́. Ó ní òun á bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, òun á pè mí padà. Kò pè. Mo fi fọ́tò ilẹ̀kùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo fi ti táyà ránṣẹ́, mo gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè hàn. Ohun tó fi dá mi lóhùn ni àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ṣé àdúrà ló ń gbà fún mi ni, àbí ó ń bẹ̀ mí? Mi ò tíì mọ̀ títí dòní.

Mo wọkọ̀ lọ sí Èkó. Mo ti to gbogbo ohun tí mo máa sọ jọ láti ìdíkọ̀. Àmọ́ ọ̀gá wọn, ọmọbìnrin kan tí àkọ́bí mi dàgbà jù lọ, kò jẹ́ kí n rí ibi sọ ọ́. “Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹ jókòó ná.” Ó gba mọ́tò náà, ó tan iná fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní dídábùú, gẹ́lẹ́ bí àwa náà ṣe ń wo bọ́dì lẹ́yìn tí a bá kàn án tán. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé odindi katọ́ọ̀nù jáde, ó ní ká jọ ṣí wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbádùn ara mi. A tò wọ́n sórí gíláàsì, kò sí méjì tó rí bákan náà. Eruku wà lábẹ́ ọ̀dà òrùlé ọ̀kan. Bọ́nẹ́ẹ̀tì òmíràn ò padé tán. “Bàbá, ṣebí ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo wọn?” Mo ní òótọ́ ni, ẹ̀rọ ló ń fi agbára ti síńkì yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù irin. Ṣùgbọ́n mọ́ọ̀dù ń jẹ. Èyí tó bá jáde nígbà tó ti gbó á ní etí tó lé, ọwọ́ èèyàn ló sì máa fáìlì rẹ̀. Ọwọ́ ló ń so ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ọwọ́ ló ń lẹ iná. Nọ́ńbà ẹ̀yìn, rọ́bà rírọ̀ kan ló ń gbé yíǹkì tẹ̀ ẹ́. Tí mọ́tò bá yẹ̀ díẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e lé, nọ́ńbà ti wọ́ nìyẹn. Ọ̀dà ló ṣòro jù. Wọ́n lè dín mọ́tò kù títí, ọ̀dà kì í fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti pọ̀ díẹ̀, ìlà ti dí. (Ká tiẹ̀ dúpẹ́. Nínú àwọn àtijọ́ kan, òjé máa ń wọ inú síńkì, irin á wú, á sì sán fúnra rẹ̀ níbi tí ẹ gbé e sí.)

A rí ọ̀kan tó pé. Ọmọbìnrin náà fún mi, kò gba kọ́bọ̀ lé e, ó sì pe ọmọkùnrin ọlọ́wọ́ méjì yẹn jáde. Ìyẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì. Mo ní kó dìde, ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò tíì tán. Mo ṣì ń di ẹrù mi nígbà tí mo rí ọ̀gá tó ń dá àwọn tó burú padà sínú páálí, títí kan tèmi yẹn, ó ń tò wọ́n sórí ṣẹ́ẹ̀fù, iye kan náà. Mo ní, “Ọmọ mi, o ò ní í dín owó wọn kù?” Ó ní, “Bàbá, gbogbo èèyàn kọ́ ló ní ojú yín.” Inú bí mi wọ ọkọ̀. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ náà, kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún mọ́dẹ́ẹ̀lì yìí, nítorí búùtù. Láti 1968 tí 504 ti jáde, ibi tí búùtù yẹn ti tẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ọwọ́ Pininfarina, iléeṣẹ́ tó ń ya àwòrán bọ́dì mọ́tò ní Ítálì, ló ń fojú páńẹ́lì-bítà rí màbo. Mo mọ ẹni tó kàn án títí tó fi ra búùtù tuntun. Nínú gbogbo páálí tí a ṣí, kò sí ọ̀kan, títí dórí èyí tó burú jù, tí igun yẹn ò pé. Ẹni tó gbẹ́ mọ́ọ̀dù mọ Pijó.

Ṣọ́ọ̀bù ní tirẹ̀ gba mẹ́ta. Wọ́n ní aláwọ̀ búlúù ń bọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ránṣẹ́ sí mi, èmi fúnra mi ni mo máa wá mú un.