Ilé oúnjẹ kan l'Ájàṣẹ́, àti alẹ́ Eurovision

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ dé ilé oúnjẹ kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà Ouando. Àmíwò wọn, oúnjẹ ìyẹ̀fun àgbàdo àti tòmátì, dùn, adìẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é, 2,000 fáránkì ni àwo kan.

Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá wọn ló ń fà mí lọ. Lóṣù karùn-ún 2025, ibẹ̀ la ti wo Eurovision, ìdíje orin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, láti Basel ní Switzerland, agogo mẹ́jọ alẹ́ tiwa. Olórin JJ ará Ọ́stríà ló gbégbá orókè. Ísírẹ́lì, tó kó ìbò aráàlú jù, ṣe ipò kejì. Ni àríyànjiyàn bá dé, bóyá ó yẹ kí Ísírẹ́lì wà níbẹ̀! Ìyá onílé oúnjẹ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù kí kálukú lè sọ tẹnu rẹ̀. Mo ní: ọjọ́ kejì tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukréìn ní 2022 ni àwọn olùṣètò ìdíje ti lé Rọ́ṣíà kúrò. Ogun tí Ísírẹ́lì ń jà ní Gásà ńkọ́? Bàbá kan ní olórin kọ́ ló ń jagun. Òótọ́ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n àsíá ìlú wọn ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí Spéìn, Írẹ́lándì, Nẹ́dálándì àti Slofẹ́níà kọ̀ láti lọ sí ti 2026 ní Vienna nítorí pé Ísírẹ́lì máa wà níbẹ̀.

Ẹ tètè dé o, àga ò pọ̀, yàrá ẹ̀yìn ò sì ní fáànù.