Bàbà inú wúrà Santa Marta

Kí n má parọ́, òòrùn ló lé mi wọlé. Ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ sí Santa Marta, ní etíkun àríwá ilẹ̀ Kòlóńbíà, láti wá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ sí Yúróòpù. Ọ̀gá wa fún wa ní wákàtí márùn-ún. Ẹni tí kò bá padà kí aago mẹ́ta tó lù, ọkọ̀ á fi sílẹ̀. Fítà ni mí nínú yàrá ẹ́ńjìnì, ooru kì í ṣe àjèjì sí mi, ṣùgbọ́n ooru ọjọ́ yẹn lágbára. Mo ra máńgòrò lọ́wọ́ obìnrin kan létí òkun. Máńgòrò tí kò tíì pọ́n ni, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ife, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì bu iyọ̀ lé e. Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ má bú mi. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ máńgòrò, ṣùgbọ́n ẹ lọ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò ná kí ẹ tó bá mi jà.

Ibi tí mo ti ń jẹ ẹ́ lọ ni mo ti rí ilé funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tí wọ́n fi orúkọ Bolívar pè, ọ̀gágun tó gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ Sípéènì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n kan yàrá onígi kékeré kan mọ́ lórí. Casa de la Aduana ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ilé Kọ́sítọ́ọ̀mù. Orúkọ yẹn kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù díẹ̀, ọmọ inú ọkọ̀ ojú omi kúkú ni mí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń da Sípáníìṣì bò mí. Ó rò pé ọmọ ibẹ̀ ni mí, nítorí èèyàn dúdú pọ̀ ní etíkun yẹn. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀: ọkọ̀ ló gbé àwọn bàbá ńlá wọn débẹ̀, kì í sì í ṣe irú tèmi tó ń fún ni ní wákàtí márùn-ún. Mo fi ìka bi í pé èló ni. Ó mi orí. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí mo ṣe wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wúrà àwọn Tairona nìyẹn, ìran àtijọ́ tó gbé agbègbè yẹn. Museo del Oro Tairona ni wọ́n ń pè é. Banco de la República, báńkì àgbà ilẹ̀ Kòlóńbíà, ló ni ín. Láti 1939 ni báńkì náà ti ń ra ohun ọ̀ṣọ́ wúrà àtijọ́ jọ. Olú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà wà ní Bogotá, ti Santa Marta jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ojú tí mo fi wò ó. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Jagun. Ibẹ̀ ni mo ti ń fẹ ewìrì láti kékeré, títí mo fi sá lọ kọ́ wẹ́dà, nítorí mo rò pé irin ńlá ló ń mú owó ńlá wá. (Ẹ má bi mí bó ṣe rí.) Gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, gbólóhùn kan ló ń dun bàbá mi jù. Oníbàárà á gbé ṣéènì ìyá rẹ̀ tó já wá, á ní kí wọ́n bá òun jó o pọ̀, á wá fa àga sún mọ́ iná, á máa wo ọwọ́ bàbá mi bí ẹni tó gbé ẹran ti ajá. “Bàbá, ẹ má po bàbà mọ́ ọn o.” Àwa ọmọ iṣẹ́ á máa fi ohùn méjèèjì ṣeré lábẹ́lẹ̀, bàbá, bàbà. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Á kàn ní, “Wúrà tí kò ní nǹkan kan nínú, eyín lásán máa tẹ̀ ẹ́,” á sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo dúró síwájú gíláàsì àkọ́kọ́, àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Wúrà náà pọ́n. Lára èyí ó pọ́n díẹ̀, lára ìyẹn ó pọ́n bí ìdí ìkòkò bàbà. Mo ní nínú ọkàn mi pé, háà, wọ́n pò ó!

Wọ́n pò ó lóòótọ́, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Mo gbé fóònù sókè kó bá mi túmọ̀ rẹ̀: tumbaga, wúrà àti bàbà tí wọ́n yọ́ pọ̀. Àwọn Tairona wà ní ẹsẹ̀ òkè àti ara òkè Sierra Nevada, tó wà lẹ́yìn Santa Marta, láti nǹkan bí ọdún 900 sí 1600. Àkókò àwọn tó ṣáájú wọn, láti 200 sí 900, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Nahuange. Ìran méjèèjì ń po bàbà mọ́ wúrà, kò sì sí ẹni tó fa àga tì wọ́n. Bàbà ń jẹ́ kí wúrà tètè yọ́, ó ń jẹ́ kó le, ó sì ń jẹ́ kó ṣàn wọ kọ̀rọ̀ tó kéré jù nínú amọ̀. Kọ̀rọ̀ kékeré yẹn sì pọ̀ lára iṣẹ́ wọn. Ìda oyin ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi mọ ère, pẹ̀lú gbogbo ìlà àti okùn wínníwínní ara rẹ̀. Wọ́n á fi amọ̀ àti èédú lílọ̀ bò ó, wọ́n á fi iná sí i, ìda á yọ́ jáde, wọ́n á da wúrà sí àyè tó fi sílẹ̀. Tó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni amọ̀ kan ń ṣiṣẹ́, bí wúrà kò bá dé ibi ìka ẹsẹ̀ ère, ó parí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹdan Ògbóni ti mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀nà yẹn náà ni àwọn asúdẹ tiwa ń gbà, òun náà ni wọ́n gbà ṣe àwọn orí tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1938. Ará Ifẹ̀ kò rí ará Sierra Nevada rí, òkun wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n oyin wà níbi méjèèjì. Oyin ti àwọn ará ibẹ̀ nígbà náà tilẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í ta èèyàn, ẹ ò rí i pé wọ́n rí àánú gbà ju àwọn asúdẹ wa lọ.

Èyí tó dá mi dúró jù kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ọkùnrin ni, àdán sì ni. Imú rẹ̀ yí sókè bí ewé, adé orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, wọ́n ká wáyà wúrà róbótó-róbótó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àwọn ẹyẹ sì bà lé e lórí. Mo ní wáyà, ojú ló ń tàn mí. Kì í ṣe wáyà rárá, ìda ni wọ́n yí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dà á. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin wọn gan-an máa ń fi ohun ọ̀ṣọ́ sábẹ́ imú kó lè gbé e sókè, kí ojú wọn lè jọ ti àdán. Àdán tiwa dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Tiwọn dúró ṣánṣán, ó fọwọ́ lé ìbàdí bí ìyálé tó ń dúró de àlàyé. Mo lò tó ogún ìṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé wá, wọ́n lọ, mo ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúrà ni ìlẹ̀kẹ̀ wà, òkúta pupa tí wọ́n dán tí wọ́n sì lu ihò sí láìsí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti rí lántánà tí Ìlọrin fi gbajúmọ̀ láyé àtijọ́ á ro pé àwọn ará Ìlọrin ló lọ dá a sílẹ̀ níbẹ̀. Yẹtí wà, orùka imú wà, ìkòkò amọ̀ dúdú àti pupa wà. Àwòṣe ìlú Teyuna náà wà níbẹ̀, ìlú òkúta inú igbó tí wọ́n ń pè ní Ciudad Perdida, Ìlú Tó Sọnù. Àwọn tó ń hú sàréè kí wọ́n lè ta wúrà inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ já síbẹ̀ láwọn ọdún 1970 sí 1975, àwọn onímọ̀ dé ní 1976. Àtẹ̀gùn òkúta tó lé ní 1,000 lèèyàn máa gùn kó tó débẹ̀. Àwòṣe nìkan ni mo wò, orúnkún mi sì ti ń ráhùn.

Ìtàn ìlú náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Sípéènì kan, Rodrigo de Bastidas, ló tẹ Santa Marta dó ní 1525, ohun tí ojú àwọn Tairona rí lẹ́yìn náà kò ṣeé fẹnu sọ tán. Simón Bolívar kú sí oko kan ní ẹ̀yìn ìlú ní 17 Oṣù Kejìlá 1830, inú ilé yìí ni wọ́n sì tẹ́ òkú rẹ̀ sí kí wọ́n tó sin ín. Mo sáré ka ìyẹn kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ogun á dúró jù mí lọ.

Ohun kan tí mi ò retí: àwọn tó ni òkè náà kò tíì tán. Ẹ̀yà mẹ́rin ló wà lórí Sierra Nevada dòní, Kogi, Arhuaco, Wiwa àti Kankuamo. Wọ́n ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n, gbogbo àwa yòókù láyé ni àbúrò. Bí mo ṣe jáde sínú ọgbà, mo rí méjì nínú wọn tí wọ́n wọ aṣọ funfun báláú, wọ́n jókòó lábẹ́ igi, ọ̀kan mú akèrègbè kékeré kan lọ́wọ́, ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ pa á lẹ́nu. Poporo nìyẹn. Ìkarahun òkun tí wọ́n sun tí wọ́n lọ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ mọ́ ewé koka. Lójú tèmi o, àdó ni! Bàbá àgbà mi ní irú rẹ̀ mẹ́ta ní kọ́ńbódì. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, a jẹ́ pé èmi ni mo jẹ wọ́n ní ìkíni. Mo tẹrí ba. Èyí tó dàgbà nínú wọn wò mí, òun náà tẹrí ba, a ò sọ nǹkan kan. Mo dé ẹnu ọ̀nà èbúté nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjìlá.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo délé, tí mo gbé fọ́tò àdán náà tí mo yà fún bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá yọ awò tí wọ́n fi ń wo òkúta orùka, wọ́n fi sí ojú kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù.

“Mi ò rí nǹkan kan. Ìràwọ̀ ni mò ń wò.”

“Ẹ gbé awò kúrò, bàbá mi. Ẹ fi ìka méjì fà á báyìí.”

Wọ́n fà á. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. “Wọ́n ti sè é.”

Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n fi èékánná hàn mí ibi tí èjìká àdán ti pupa, níbi tó ti há, àti ibi tí àyà rẹ̀ ti ń dán yanran bí wúrà tòótọ́. Wọ́n ní tí wọ́n bá fi iná sí irú àdàlù bẹ́ẹ̀, bàbà ojú rẹ̀ á dúdú. Wọ́n á fi omi kíkan fọ̀ ọ́, dúdú á lọ. Wọ́n á tún fi iná sí i, wọ́n á tún fọ̀ ọ́. Bàbà ojú ara á máa tán díẹ̀díẹ̀, wúrà nìkan á kù síta, bàbà inú á wà níbi tó wà. Ohun tí mo kà ní Santa Marta náà nìyẹn, àmọ́ oje ewéko ni wọ́n ní àwọn yẹn fi fọ tiwọn.

“Èmi, ọsàn wẹ́wẹ́ àti álọ́ọ̀mù ni mò ń lò,” ni bàbá mi wí. Mo rántí máńgòrò yẹn.

Oníbàárà kan wà ní ìjókòó, ìyá kan tó mú yẹtí wá. Ó ti fa àga sún mọ́ iná. Bàbá mi yíjú sí mi. “Àkànbí, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ńkọ́? Kà á sókè.” Mo kà á: wúrà àti bàbà. “Tún un kà, kí ìyá gbọ́.” Mo tún un kà. Bàbá mi wá sọ fún un pé kárátì 18 tí gbogbo ayé ń wá kiri, mẹ́fà nínú mẹ́rìnlélógún rẹ̀ kì í ṣe wúrà, ìyẹn kì í sì í ṣe olè, iṣẹ́ ni. Ìyá náà gbọ́ tán, ó fi sùúrù gbọ́ ọ.

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Tàwọn yẹn wà nínú gíláàsì. Tèmi, etí ni mo fẹ́ fi í sí. Ẹ má po nǹkan kan mọ́ ọn.”

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má lọ ní Mọ́ńdè, wọn kì í ṣí. Ẹ mú wákàtí méjì, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ má tan iná fóònù sí wúrà tí ẹ bá ń ya fọ́tò. Ẹni tí kò gbọ́ Sípáníìṣì, kí ó gba iná sí bátìrì fóònù rẹ̀ kó kún kó tó kúrò lọ́kọ̀, tèmi kú sí ibi orùka imú. Nínú mẹ́wàá, mo fún wọn ní mẹ́sàn-án. Ọ̀kan tó kù, èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, nítorí ìbéèrè tí bàbá mi bi mí kẹ́yìn: báwo ni ẹ̀yìn àdán náà ṣe rí? Ṣé ó ṣófo ni àbí ó kún, ibo ni wọ́n ti da wúrà sí i? Iwájú nìkan ni mo yà. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù láti ìgbà náà. Bí ọkọ̀ yín bá débẹ̀ ṣáájú tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì yẹn, kí ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀.