Ẹ̀yin tó ń ra ètò kọ̀ǹpútà "crack" l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ ṣọ́ra fún ọmọkùnrin onífláàṣì yìí

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹ dákun, ẹ má fi ojú fo èyí. Ọmọkùnrin kan ń kiri Under G, ó ń gba ₦5,000 láti fi fláàṣì gbé IntelliJ IDEA olówó, ètò tí a fi ń kọ kóòdù, sórí láptọ́ọ̀pù. "Crack" ni, ẹ̀dà tí wọ́n ti tú kó lè ṣiṣẹ́ láìsanwó fún àwọn tó ṣe é. Ọmọkùnrin náà ní títí ayé ni, a ò ní sanwó mọ́. Mo sanwó fún un lóṣù tó kọjá.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa Windows Defender yẹn ná, kò ní jẹ́ kó wọlé." Defender yìí ni ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà ètò burúkú. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti gba láptọ́ọ̀pù mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí GitHub, ibi tí mo ń tọ́jú kóòdù mi sí lórí ayélujára, fi ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ SSH tuntun, èyí tí ẹ̀rọ fi ń wọlé láìlo password, kún àkáǹtì mi, láago mẹ́ta òru. Oorun ni mo ń sùn nígbà yẹn! Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wọ sáìtì oníbàárà mi kan, ìyá tó ń ta aṣọ òkè. Ẹni tó bá ṣí i, ilé tẹ́tẹ́ ló ń bá ara rẹ̀. Ìyá yẹn pè mí, ó ń sunkún.

N kò sọ password mi fún ẹnikẹ́ni. Cookie inú Chrome ni wọ́n kó, ìyẹn àmì tí sáìtì fi ń rántí pé a ti wọlé. Ẹni tó bá ti ní in lọ́wọ́ kò nílò password, kò nílò kóòdù orí fóònù, yóò kàn wọlé bí onílé ni. Nígbà tí mo ṣí fáìlì IntelliJ tó ń jẹ́ idea64.exe.vmoptions, mo bá ìlà kan nísàlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú -javaagent, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ìlà yẹn ló ń gbé kóòdù ẹlòmíràn wọ inú ètò náà ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i, ohunkóhun tí ètò náà lè fọwọ́ kàn, òun náà lè fọwọ́ kàn án.

Kò sì mọ sórí ẹni tó rà á. Lọ́dún 2015, àwọn tó ń ṣe áàpù iPhone ní Ṣáínà gbé ẹ̀dà Xcode (ètò tí wọ́n fi ń ṣe áàpù náà) tí kì í ṣe ti Apple, torí pé ti Apple ń pẹ́ kó tó wọlé. Ọ̀fẹ́ sì ni Xcode o! Ẹ̀dà yẹn ń ki kóòdù burúkú, XcodeGhost, bọ inú áàpù tí wọ́n bá fi ṣe, WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, pàápàá kó o.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ímeèlì ilé ìwé yín lẹ lè fi gba IntelliJ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ JetBrains, àwọn tó ṣe é, fúnra wọn. Bí ó bá ti bá yín ṣe é, ẹ má fi láptọ́ọ̀pù yẹn yí password o. Fóònù tàbí ẹ̀rọ míì ni kí ẹ lò, ẹ lé gbogbo ẹni tó wà lórí àkáǹtì jáde, ẹ pa àwọn kọ́kọ́rọ́ SSH rẹ́, kí ẹ tó wá pa gbogbo ohun inú láptọ́ọ̀pù náà rẹ́, kí ẹ gbé Windows tuntun sí i. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ti sanwó fún un, kó pè é lónìí.